Mi Ò Gbọ́ Ọwọ́ Òsì Rẹ Nínú Orin Náà

Ẹlẹ́wìrì mi, ọmọ ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn àjò, mo sì kí ọ kú ariwo àwọn èrò tó ń pàtẹ́wọ́ fún ọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, pẹ̀lú ara líle. Kó má ṣe bá ọ lójú ọ̀nà, níbi tí wàá ti ka ìlà méjì kí o sì tẹ̀ ẹ́ bọ àpò. Ní tèmi, mo wà. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú ti ń ríran dáadáa láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ra awò tuntun fún mi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ìròyìn ilé fún ọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ bí ọmọkùnrin. Ìyẹn o mọ̀, o wá wò ó. Ọmọ àbúrò ìyá rẹ, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, bí obìnrin, irun sì kún orí ọmọ náà bíi pé ó ti ya ilé onídìrí kó tó wá sáyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ti lọ sílé ọkọ. Ìyẹn náà o wà níbẹ̀. Alágbàfọ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa fẹ́yàwó, lẹ́yìn tí gbogbo àdúgbò ti jáwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Bàbá onílé náà ní òun ń wá ìyàwó, lọ́jọ́ orí yẹn, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. A ṣì ń bẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó kú. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ nítorí Tíṣà wa, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Wàá ti rí i pé kì í ṣe ọwọ́ ìyá rẹ ló kọ lẹ́tà yìí. Ọwọ́ tèmi ni. Bó bá gòkè níbì kan tó tún ṣubú níbòmíràn, má bínú. Orí tábìlì ilé ìdáná ni mo ti ń kọ ọ́, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ sì kúrú. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí mo ń lọ ti dé ibi lẹ́tà kíkọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, Tíṣà kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Màmá, òwe mẹ́rin ló wà nínú ojú ìwé kan yìí, mi ò sì tíì mọ ẹni tó kú." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Ó wá mú mi ṣèlérí pé lẹ́tà tí mo bá fẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, mi ò ní fi òwe kankan sí i. Mo ṣèlérí. Méjì ti yọ sí mi lẹ́nu látìgbà tí mo ti jókòó, mo gbé wọn mì.

Ìdí tí mi ò fi ní kí ìyá rẹ bá mi kọ ọ́ ni pé mi ò fẹ́ kó mọ̀ kí ìwọ tó mọ̀. O mọ bó ṣe máa ń ṣe. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, á ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ, á ti pe àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré, á ti pe ẹni tó ni ilé tí ẹ ti fẹ́ ṣeré, gbogbo wọn á sì máa sunkún lórí fóònù láì mọ ohun tí wọ́n ń sunkún sí. Ọ̀rọ̀ yìí, àárín èmi àti ìwọ ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ wà.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ ná pé mò ń fi ọ́ yangàn títí ó fi sú àwọn aládùúgbò. Ìwé ìròyìn tí wọ́n gbé àwòrán rẹ sí, èmi fúnra mi ni mo kà á. Ó gba gbogbo ọ̀sán lọ́wọ́ mi, ìka mi wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo kà á délẹ̀. Mo rí "táńgò", mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá sùn tí mo bá jí nílé ọkọ ni. Mo rí "jáàsì", mo gbé e lọ bá Tíṣà kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹni tó kọ ọ́ ní o mú táńgò ilé ijó, o mú orin tí obìnrin arúgbó kan fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, o mú jáàsì tí o kọ́ nílé ẹ̀kọ́ orin, o sì hun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ títí ènìyàn ò fi mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin arúgbó kan. Kò dárúkọ mi, ṣùgbọ́n mo ti bá a sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́, títí kan ọlọ́pàá tó ń dúró ní oríta.

Kíláàsì wa pinnu láti háyà bọ́ọ̀sì wá síbi eré ńlá tó ń bọ̀ yìí. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà, ní iwájú gan-an ni òun àti èmi máa jókòó sí, kí o lè rí wa. Bàbá Aránṣọ, tó ń jókòó lẹ́yìn wa tó sì máa ń yọjú wo ìwé mi kọ, gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ní òun á rán gáùn tí àwọn ará ìlú ńlá ò rí irú rẹ̀ rí, aláwọ̀ búlúù, pẹ̀lú bọ́tìnnì láti ọrùn délẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń lá àlá bọ́ọ̀sì.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ gbé fóònù rẹ̀ wá pé kí n wá wo eré tí o ṣe kẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, ẹkún ò jẹ́ kí n rí nǹkan kan. Mo ní kó tún un ṣe, mo wá rí ọ dáadáa, bí o ṣe tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ bíi ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Mo ní kó tún un ṣe sí i, mo di ojú mi, mo kàn ń gbọ́. Ibi tí mo ti di ojú yẹn ni àyà mi ti já. Ìyá rẹ ní, "Màámi, kí ló dé? Ṣé kò dùn ni?" Mo ní ó dùn. Ó sì dùn lóòótọ́. Ohun tó já mi láyà ni pé mi ò gbọ́ ọwọ́ òsì rẹ.

O lè ní kí ni ìyá arúgbó mọ̀ nípa ọwọ́ òsì. Mi ò mọ orin kà lórí ìwé, mi ò sì mọ fèrè fọn. Ṣùgbọ́n dùùrù tó ń jókòó lórí itan rẹ yẹn, tí a ń fà tí a ń tì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní Ẹlẹ́wìrì, ọdún tí mo fi gbọ́ ọ nínú yàrá mi ju ọdún tí o tíì lò láyé lọ. Bàbá rẹ àgbà ló ni ín kó tó di tìrẹ. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń sọ ọ̀rọ̀ òkè, ohùn obìnrin àti ti ọmọdé. Ọwọ́ òsì ló ń sọ ti ìsàlẹ̀, ohùn ọkùnrin.

Nígbà tí mo bí ìyá rẹ, orin tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún ni mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: dákẹ́, bàbá ń bọ̀ lọ́nà, ó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀kùn. Bàbá rẹ àgbà gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ó gbé dùùrù, ó sọ ọ́ di táńgò mọ́ mi lẹ́nu. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń kọ orin mi. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, bíi bàbá tó ti ibi iṣẹ́ dé tí kò fẹ́ jí ọmọ. Nígbà tí ìwọ náà dé, abẹ́ tábìlì ni o máa ń jókòó sí gbọ́ ọ. Bí ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn bá ti kan ilẹ̀, wàá yọ orí síta, wàá ní, "Bàbá ti dé." Àfi kí gbogbo ilé dáhùn pé "Ẹ káàbọ̀" kí o tó padà sábẹ́ tábìlì.

Nínú eré tí ìyá rẹ fi hàn mí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ ń fò, ó ń ṣe jáàsì, ó lọ síbi tí mi ò lè tẹ̀ lé e dé, mo sì jókòó síbi tó fi mí sí, mo ń gbádùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ẹsẹ̀ bàbá, ọkùnrin tó ń ta báàsì, gìtá onígi tó ga ju òun alára lọ yẹn, òun ló bá ọ rìn ín. Gbogbo rẹ̀ pátá, láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ òsì rẹ kàn di dùùrù mú ni, bíi ẹni tó di irin bọ́ọ̀sì mú kó má baà ṣubú.

Mo padà sídìí ìwé ìròyìn. Ó wà níbẹ̀, ibi tí mo ti kà tí mo ń rẹ́rìn-ín: pé eré rẹ ti ń gbó, pé o ti mọ bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún báàsì. Ẹlẹ́wìrì mi, ọ̀rọ̀ yìí gan-an, mo ti gbọ́ ọ rí. Ọ̀gá ilé ijó tí bàbá rẹ àgbà ti ń ṣeré ló sọ ọ́ níṣojú mi, ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó ní, "Wò ó, o ti ń fi àyè sílẹ̀ báyìí. Eré rẹ ti gbó." Bàbá rẹ àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ rí i bẹ́ẹ̀." Nígbà tí a délé, kò lè tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Èmi ni mo bá a tú u. Ó ní ọwọ́ ló sùn, pé á jí.

Síkáàfù náà tún wà níbẹ̀. Mo rí èyí pupa tí o so mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní àṣà tuntun ni, pé ọmọ òun obìnrin náà ti ń so ó, òun àti gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, gbogbo wọn so síkáàfù mọ́ ọwọ́ òsì bíi ẹni tí ajá bù jẹ. Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni. Síkáàfù tèmi ni bàbá rẹ àgbà máa ń so, èyí aláwọ̀ ewé. Ó fi ń de ọwọ́ mọ́ ìgbànú dùùrù, kí dùùrù má baà yọ bọ́ nígbà tí ìka bá kọ̀ tí kò dì í mú. Àwọn èrò ilé ijó a ní, "Ẹ wo bó ṣe múra lónìí."

Mo sọ fún ara mi pé mò ń wá ohun tí kò sọnù. Mo gbé fóònù padà fún ìyá rẹ, mo lọ fọ abọ́. Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Nígbà tí o wá wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, o ò gbé e. O jókòó, o ní kí wọ́n gbé e lé ọ lẹ́sẹ̀, o sì fi ọwọ́ ọ̀tún yí i ká. Lẹ́yìn tí o lọ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ń kùn, ó ní, "Aṣọ rẹ̀ ló ń ṣàánú, kí ọmọ má baà tọ̀ sí i." Mo gbèjà rẹ, mo ní o ò mọ ọmọ ọwọ́ gbé ni. Èmi náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo gbé àbúrò rẹ dàgbà. Apá òsì lo fi ń gbé e, wàá máa fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ dùùrù tó wà lórí tábìlì, ọmọ á sì sùn.

Níbi ìgbéyàwó olùkọ́ ìṣirò wa, wọ́n ní kí o ṣeré fún ìyàwó, o ní dùùrù wà lọ́dọ̀ alátùnṣe. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n alátùnṣe kan ṣoṣo ló mọ dùùrù yẹn tú, èyí tó ti ń bá bàbá rẹ àgbà tún un ṣe láti ọjọ́ yìí wá, òun náà sì wà níbi ìgbéyàwó, ó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pàdé rẹ̀ lójú títì, mo bi í pé kí ló tiẹ̀ ṣe dùùrù ọmọ mi. Ó wò mí bákan. Ó ní, "Dùùrù wo, Ìyá? Ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn án."

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà. O ò ní gbàgbé. Mo ní, "Ọwọ́ rẹ ńkọ́?" O wá rẹ́rìn-ín, o ní, "Ọwọ́ wà níbẹ̀, Ìyá àgbà, ó ń kí yín." Ẹ̀rín yẹn ló mú mi gbé bírò. Ẹ̀rín bàbá rẹ àgbà ni, èyí tó máa ń rín kí ènìyàn má baà bèèrè ìkejì.

Ẹ̀yin ọmọ mọ̀ pé ó já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ilé ijó. Ẹ rò pé iṣẹ́ tó wù ú nígbà tó dàgbà ni, nítorí bó ṣe máa ń bá àwọn èrò ṣàwàdà. Bó ṣe débẹ̀ nìyí. Ó ń ṣeré lórí ọwọ́ tó ń kú yẹn. Ó ní bí sáà eré bá parí, òun á lọ rí dókítà. Sáà kan wọ inú òmíràn. Ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í ká, wọ́n ká wọ inú àtẹ́lẹwọ́, wọn ò sì nà mọ́. Nígbà tí mo wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà di ọwọ́ náà mú, ó gbìyànjú láti na àwọn ìka náà. Ó wá ní, "Bàbá, nígbà tó kàn ń kú bíi ọwọ́ tí ènìyàn sùn lé, ìgbà yẹn ni ẹ̀ bá ti wá. Ìgbà yẹn, à bá rí nǹkan ṣe sí i." Kò bá a wí. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bá a wí.

Ọ̀gá ilé ijó ṣàánú rẹ̀, ó fi í sẹ́nu ọ̀nà. Yóò fi ìgbọ̀nwọ́ òsì tẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ìhà, yóò fi ọwọ́ ọ̀tún fà á ya. Ó máa ń sọ fún àwọn obìnrin pé tíkẹ́ẹ̀tì tòun nìkan ló ní lọ́fíńdà nílùú. Ọkùnrin mìíràn ló ń ṣeré nínú. Mo máa ń lọ pàdé rẹ̀ kí a lè jọ rìn wálé. Lọ́jọ́ kan mo dé, mo rí i pé èrò tò dé ojú títì, kò sẹ́ni tó ń wọlé. Mo rò pé ìjà ni. Àṣé orin wa ni wọ́n ń ṣe nínú, ó ti kan ẹsẹ̀ bàbá. Bàbá rẹ àgbà dúró síbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ẹnìkan wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó ń gbọ́. Àwọn èrò ń kígbe, "Bàbá, ẹ já a fún wa jàre, ẹsẹ̀ ń ro wá." Nígbà tí ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn kan ilẹ̀, ó já tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó ní, "Ẹ wọlé." Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti wà níbẹ̀. Mo rìn yí ilé ijó náà ká kí n tó yọ sí i.

Ohun tí ń lé oorun lójú mi nìyẹn. Kì í ṣe pé o ò ní rí jẹ. O kàwé, o ní ọpọlọ, wàá rí jẹ. Mò ń bẹ̀rù pé wàá dúró lẹ́nu ọ̀nà orin ara rẹ, tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíràn á wà lábẹ́ apá rẹ.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ pé kí o fi sílẹ̀. Ilé tí ẹ ti fẹ́ ṣeré yìí, ìyá rẹ ní àwọn míì ń darúgbó láì wọ ibẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé àwọn mẹ́rin tí ẹ jọ ń ṣeré ń wo ojú rẹ, pé ẹni tó ń lu ìlù ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé tuntun. Mo rántí bí o ṣe máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn wa pẹ̀lú dùùrù tó tóbi jù ọ́ lọ, tí alágbàfọ̀ á máa bẹ̀ ọ́ pé kí o jọ̀ọ́ yí orin náà padà. Lẹ́tà yìí, mo kọ ọ́ rí, mo ya á. Mo ní bí mo bá fi ránṣẹ́, ẹ̀rù á bà ọ́ lórí pèpéle, ọwọ́ ọ̀tún tó kù náà á máa ṣi orin tẹ̀, èmi ni mo sì fà á. Mo tún ní bí mi ò bá fi ránṣẹ́ ńkọ́? Bí mo bá jókòó síwájú pẹ̀lú Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí mò ń pàtẹ́wọ́, tí mo sì ń wo síkáàfù pupa yẹn? Mi ò lè ṣe é. Mo ti pàtẹ́wọ́ fún bàbá rẹ àgbà bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, lọ rí dókítà ọwọ́ kí ọjọ́ eré náà tó pé. Kí ọjọ́ eré tó pé ni mo wí. Sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré. Ẹni tó ń ta báàsì ti mọ̀, kò sí bí kò ṣe ní mọ̀, òun ló ń bá ọ rìn. Bí dókítà bá ní kí o ṣe é, ṣe é, orí mi á wú. Bó bá ní kí o sinmi, sinmi, kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé mo ṣìnà, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe jáàsì nìyẹn, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yí po. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí dókítà ló sọ fún mi pé mo ṣìnà. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Mo ti sọ ní kíláàsì pé mi ò lọ mọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní, "Ṣé ẹ ti bá ọmọ yín jà ni?" Mo ní orúnkún ni. Ó wo orúnkún mi títí bíi pé òun ni dókítà rẹ̀. Mo lọ bá Bàbá Aránṣọ nílé ìránṣọ rẹ̀ pé kó dá gáùn mi dúró. Ó gbé awò rẹ̀ sí iwájú orí, ó ní, "Màmá, mo ti gé e. Ṣé kí n fi àtè lẹ̀ ẹ́ padà ni?" Mo ní kó yáa parí rẹ̀, àmọ́ kó má rán bọ́tìnnì ọrùn mọ́ ọn, kó fi í lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Kí ọ̀fun yín lè máa gba afẹ́fẹ́, àbí?" Mo ní kó rán ẹnu rẹ̀ nígbà tó bá rán gáùn tán.

Bọ́tìnnì náà ló wà nínú àpòòwé yìí, tí mo fi bébà wé. Gbé e sórí tábìlì. Fi ìka tó kéré jù ní ọwọ́ òsì rẹ àti àtàǹpàkò mú un, kí o gbé e sókè. Má ṣe pè mí láti wá sọ bó ṣe rí. Ìwọ nìkan lo máa wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tí wàá rẹ́rìn-ín fún. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o ti mọ ibi tó yẹ kí o gbà.

Gáùn náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ó dára, mi ò ní purọ́, ọkùnrin ẹlẹ́nu wẹ́jẹwẹ̀jẹ yẹn mọ iṣẹ́. Mi ò ní wọ̀ ọ́ níbì kankan láì sí bọ́tìnnì ọrùn. Ìgbà yòówù kí dókítà tó tú ọ sílẹ̀, ì báà pẹ́, ì báà yá, mú un bọ̀ nílé. A ó rán an mọ́ ọn, wàá fi ọwọ́ òsì rẹ bá mi dè é lọ́rùn, lẹ́yìn náà ni wàá jókòó, wàá gbé dùùrù lé itan, wàá rin ẹsẹ̀ bàbá náà fún mi fúnra rẹ. Èmi ni mo máa dáhùn pé "Ẹ káàbọ̀".

Ọlọ́run á bá mi dá ọ sí. Ìka rẹ ò ní ká. Ẹsẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn lábẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní dúró lágbede méjì. Ibi tí o bá fọwọ́ tẹ̀, á dáhùn. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré ò ní kọ ẹ̀yìn sí ọ nítorí pé o sọ òótọ́ fún wọn. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, wàá máa fi ọwọ́ méjèèjì tú bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ìyá rẹ, obìnrin arúgbó kan tí ìwé ìròyìn wí.

Mo gbàgbé: owó wà nínú àpòòwé kékeré tí mo fi sínú èyí ńlá. Owó bọ́ọ̀sì mi ni, àti ti yàrá tí mo fẹ́ sùn sí, àti ti ìjókòó iwájú. Dókítà ọwọ́ ni kí o fi san. Má dá a padà, má sì fi ra síkáàfù. Mo kọ iye rẹ̀ ní ọ̀rọ̀, bí Tíṣà ṣe kọ́ wa, kó má baà sí àríyànjiyàn: ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógójì ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.